Ìgbín Irin tí Abíọ́nà Fi Gun Òkè Àìdúró

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé mi. Kí àwọn ọmọdé jókòó sílẹ̀, kí àwọn àgbà fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹni tí oorun bá ń kùn tètè lọ sùn, nítorí bí èmi Ọdẹ́yalé bá la ẹnu tán, n kì í pa á dé nítorí ẹni tó ń yán. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ mí. Èmi ni mo wo iwin lójú tí iwin kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Èmi ni ẹfọ̀n rí nínú igbó tí ó ní, "Ẹ kúuṣẹ́, bàbá," tí ó sì bá ọ̀nà mìíràn lọ. Ẹni tí kò bá gbà kó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe tèmi. Ti Abíọ́nà mẹkáníìkì ni, ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí sójú ọ̀nà oko, tí ọ̀nà sì di iṣẹ́ rẹ̀. Mo wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀, ìṣojú mi ló ṣe.

Abíọ́nà ní mọ́tò pupa kan tí ó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Ọkọ̀ ìgboro lásán ni, irú èyí tí olùkọ́ ń gbé lọ sílé ìwé, ṣùgbọ́n Abíọ́nà ti so ìgbín irin mọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Tọ́bò ni àwọn mẹkáníìkì ń pe nǹkan ọ̀hún. Ó rí roboto bí ìkarawun ìgbín. Èéfín tí ọkọ̀ ń tú dànù ló ń yí i, bí ó sì ti ń yí ni yóò máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, tí yóò máa rọ́ ọ sínú ẹ́ńjìnnì, tí ọkọ̀ kékeré yóò fi máa mí bí ẹranko ńlá. Bí Abíọ́nà bá tẹ ọkọ̀ yẹn mọ́lẹ̀ lójú títì ìlú wa, ìgbín á súfèé, adìyẹ á fò gun òrùlé, àwọn ọ̀dọ́ á máa pariwo orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró, opó tí kò ní ọmọ mìíràn, á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, á máa ṣa ẹ̀gúsí, á máa rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan kù díẹ̀ káàtó. Àyà tuntun ni Abíọ́nà fún ọkọ̀, ọ̀fun àtijọ́ ló fi sílẹ̀ fún un. Pọ́ǹpù tó ń fa bẹntiróòlù jáde láti inú táǹkì, ti àtijọ́ ni. Páìpù, ti àtijọ́ ni. Nọ́súlù, àwọn ẹnu tín-ín-rín tó ń tu epo sínú ẹ́ńjìnnì, ti àtijọ́ ni wọ́n. Afẹ́fẹ́ pọ̀, epo kéré, bí iná bá sì rí afẹ́fẹ́ tí kò rí epo tó, ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló máa ń jó. Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì sọ fún un. Ó ní òun ti gbọ́. Ẹ mọ bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń gbọ́.

Ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kan ni ìjì kan já wọ ìlú, tí ó dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù Abíọ́nà bí ènìyàn ṣe ń dúró. Amíkanlẹ̀ ni, ọba àwọn iwin ẹ̀fúùfù. Ihò imú rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà àgbàlá, bí ó bá sì mí sínú, páànù orí ilé á máa gbọ̀n.

Ó ní, "Ta ló ń fi èémí mi súfèé kiri ìgboro?"

Abíọ́nà fẹ́ la ẹnu pé òun ni, ìyá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀. Àwẹ̀ró ló gbé àtẹ ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó dìde, ó so ìró rẹ̀ le.

"Èmi ni mo bí i," ni ó wí. "Ohun tí ọmọ mi bá mú, ẹ wá a lọ́wọ́ mi."

"Ó dáa. Ìwọ ni ìdógò," ni Amíkanlẹ̀ dáhùn. "Abíọ́nà, orí Òkè Àìdúró ni mò ń gbé. Èémí tí o mú ni kí o fi gùn ún wá bá mi. Lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá kọ́kọ́ fẹ́, n ó ṣí ilẹ̀kùn àpáta mi sílẹ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí o bá dé kí n tó tì í, ìyá rẹ á bá ọ lọ sílé. Bí o kò bá dé, n kò ní ṣí i mọ́ títí ayé."

Abíọ́nà sáré di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ìjì ń fà, ó ń fà. Mo rí ọmọkùnrin náà tí ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ń yọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lára ìka ìyá rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó lè ṣe sí i. Nígbà tí ìjì gbé ìyá rẹ̀ lọ tán, ọwọ́ rẹ̀ ṣì là sílẹ̀.

Èmi ni ó sáré wá bá. Ta ni kò bá tún lọ bá? Ẹni tí yóò wọ igbó iwin tí kò mú Ọdẹ́yalé dání, ó kàn fẹ́ gbé ara rẹ̀ lọ fún iwin ni. A wọ ọkọ̀, a dorí kọ igbó.

Bí a ṣe dé ẹsẹ̀ òkè náà ni Abíọ́nà ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò tilẹ̀ wò mí lójú. Ìgbín súfèé. Ọkọ̀ gùn díẹ̀, ó tún gùn díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Iná ń bù jáde nídìí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń lu ara rẹ̀ bí ẹni pé àwọn kan ń jà nínú rẹ̀. Kí ó má baà jó kú pátápátá, Abíọ́nà jẹ́ kí ó yọ̀ padà sísàlẹ̀, ó gbé orí lé sítíárì, ó sì ń sunkún.

Obìnrin arúgbó kan jókòó lórí àpáta níbẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ kan ṣeré nínú afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ kejì kò sí. Ìyá Abẹ́-Òkè ni orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin àlejò, kí ló ń mí bí erin tó ń mu bí ẹyẹ ẹ̀ga?"

Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn, mo ní babaláwo ọ̀mùtí ni. Ó ní mi ò gbọ́n. Mo bínú díẹ̀, ṣùgbọ́n mo dárí jì í nítorí ọjọ́ orí rẹ̀.

Abíọ́nà gbé orí sókè. "Ìyá, ọkọ̀ mi ni."

"O mọ̀ ọ́n tán, o sì ń gùn ún bọ̀? Kò ní ọkàn tí yóò ti epo, kò ní ọ̀fun tí epo yóò gbà, kò ní ẹnu tí yóò tu ú. Lọ wá wọn wá. Ọyẹ́ kò ní pẹ́ fẹ́."

Ìlú àwọn Alọ́kànlóde ni a kọ́kọ́ dé. Inú adágún omi ni gbogbo wọn ń gbé, orí wọn nìkan ló yọ, ọkàn wọn sì wà níta àyà wọn tí ó ń mì nínú omi. Kò sí ẹni tó lè dúró sórí ìyàngbẹ ilẹ̀ bá ọba wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n wọ́ àwa méjèèjì sínú adágún títí omi fi dé wa lágbọ̀n. Èmi fúnra mi kò bẹ̀rù, otútù ló ń gbọ̀n mí.

Ọba wọn ránṣẹ́ lọ yẹ táǹkì ọkọ̀ wò. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ iṣẹ́ fún un pé epo kò ju ìsàlẹ̀ lọ, ó figbe ta.

"Ẹ̀yin awakọ̀ ayé! Iná pupa á máa ṣẹ́jú sí yín pé epo ń tán, ẹ̀yin á ní ó ṣì lè gbé wa délé. Inú epo ni pọ́ǹpù ń gbé, epo yẹn ló fi ń tura. Ọkàn tó bá ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, jíjó ló máa jó. Bí a bá fún ọ ní ọkàn ńlá, ṣé ìwọ náà kò ní fi òùngbẹ pa á?"

Wọ́n ri orí Abíọ́nà bọ omi. Wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ omi bóyá yóò máa rọ epo kún. Báwo ni ẹni tó wà lábẹ́ omi ṣe máa dáhùn? Ó ń mi orí, wọn kò rí i. Ó ń na ọwọ́, wọ́n rò pé ó ń kí àwọn ni, wọ́n ń kí i padà. Ìgbà tí ara rẹ̀ dákẹ́ tí kò jà mọ́ ni wọ́n tó fà á jáde.

Ọba ní, "Ó ti mọ bí ó ṣe ń rí." Ó sì yọ ọkàn irin kan fún un. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín. Òun kú, ọkàn rẹ̀ kọ̀, kò kú." Abíọ́nà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ọkàn náà ń mì pìtì-pìtì ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí àkèré.

Láti ibẹ̀ a dé Ìlú Ọlọ́fungbọọrọ. Àwọn yẹn, ọrùn wọn gùn ju ara wọn lọ. Bí àlejò bá wọlé, odidi òkèlè ńlá iyán gbígbóná kan ni wọn yóò kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu pé kó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan. Mo sọ fún wọn pé èmi tí mo gbé orí ìkookò mì rí, kí ni iyán? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Abíọ́nà ló kàn, iyán há sí i lọ́fun, ó ranjú, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ohun tí yóò dì mú nínú afẹ́fẹ́. Àwọn ará ìlú ń wò ó, wọ́n ń fi ara balẹ̀ ṣàlàyé fún ara wọn.

Àgbàlagbà kan nínú wọn ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jẹ níyà nìyẹn. Ọkàn ń tì, ọ̀nà kò gbà á."

Lẹ́yìn náà ni ó gbá a lẹ́yìn tí iyán fò jáde. Wọ́n fún un ní páìpù tó fẹ̀ tó sì le, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé epo tí ẹnu kò bá mu gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sílé, nítorí ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni. Wọ́n wá fún un ní oníbodè kékeré kan, irin roboto tí kò tóbi ju ọsàn lọ, Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni wọ́n ń pè é. Òun ni yóò jókòó sójú ọ̀nà epo: bí afẹ́fẹ́ bá le, yóò jẹ́ kí epo le, bí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, yóò dá èyí tó kù padà sínú táǹkì. Abíọ́nà kò lè dúpẹ́ nítorí ọ̀fun rẹ̀ ṣì ń ta á, ó kàn dọ̀bálẹ̀ ni.

Ibi tó le jù ni ilé àwọn Ẹnu. Mẹ́rin ni wọ́n, wọn kò ní orí, wọn kò ní ikùn, ẹnu lásán, tí wọ́n ń fò kiri àárín ilé tí wọ́n ń bá ara wọn jà. Wọ́n gbé igbá oyin kan síwájú Abíọ́nà. Wọ́n ní kí ó pín in fún àwọn kí ó dọ́gba, bí ó bá dọ́gba, àwọn á bá a lọ. Ó pín in. Èkejì ní ti àkọ́kọ́ pọ̀ ju tòun lọ, ó bu Abíọ́nà jẹ ní èjìká. Ó tún un pín. Ẹ̀kẹrin ní wọ́n rẹ́ òun jẹ nítorí òun ni àbíkẹ́yìn, ó bù ú jẹ nítan. Mo gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ọgbọ́n àgbà pín in, gbogbo wọn sì pawọ́ pọ̀ bù mí jẹ níbi tí n kò lè fi han yín.

Ẹ̀fúùfù tútù kan gba ojú fèrèsé wọlé nígbà náà. Ètè Abíọ́nà là. Ọyẹ́ ti dé.

Ó gbé igbá sílẹ̀. Gbogbo agbára rẹ̀ ti tán, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ̀yin Ẹnu, mo pín in, apá mi kò ká a. Ìyá mi wà lókè lọ́hùn-ún. Òní ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. N kò mọ ohun tí mo lè ṣe mọ́. Ẹ máa mu oyin yín."

Ó sì jókòó sílẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn Ẹnu wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Gbogbo ẹni tó ti wá síbí ló ń jà pé òun pín in re. Ẹni tó gbà pé apá òun kò ká a, kò ní rẹ́ wa jẹ. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká bá a lọ." Báyìí ni nọ́súlù tuntun mẹ́rin ṣe bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣẹ́gun ẹnikẹ́ni.

Abẹ́ òkè ni ó ti to gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀. Mo ti rí àwọn tó ń yára, n kò rí irú èyí rí. Ó rọ epo inú kẹ́ẹ̀gì wa kún táǹkì títí dé ọrùn, ó ri ọkàn irin sínú rẹ̀, ó so páìpù, ó fi Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì jókòó, ó de àwọn Ẹnu sí àyè wọn. Ìyá Abẹ́-Òkè fi ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ kan ọpọlọ ọkọ̀, àpótí kékeré tó ń sọ ìwọ̀n epo fún ẹ́ńjìnnì, ó sọ fún un ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ara rẹ̀ kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́, kí ó tún epo wọ̀n. Ó wá yíjú sí Abíọ́nà.

"Gbọ́ mi. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, o kò gbọdọ̀ ká ẹsẹ̀ títí o ó fi dé orí òkè. Ìjì gidi ni yóò wà nínú ìgbín yẹn. Bí o bá ká ẹsẹ̀ lójijì, ìjì náà kò ní rí ibi wọ̀ mọ́, yóò yí padà, yóò sì fọ́ ìgbín. Ohunkóhun tí o bá rí lójú ọ̀nà, máa lọ."

"Mo gbọ́, ìyá."

Ó sì gbọ́ lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé mi, mo ti gun ẹ̀yìn erin rí, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ̀ yẹn! Kò wúkọ́, kò jó, kò lu ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, epo ń pàdé rẹ̀ ní ìwọ̀n rẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọn Ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń tu epo láìjà. Abíọ́nà ń rẹ́rìn-ín, omijé ń ṣàn gba etí rẹ̀. Ó ń sọ pé, "Ìyá mi, mò ń bọ̀. Ìyá mi, mò ń bọ̀."

Àwọn iwin òkè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn. Àwọn kan kó wúrà sí ojú ọ̀nà, Abíọ́nà gùn ún kọjá. Erè kan tó tóbi bí ìrókò dábùú ọ̀nà, Abíọ́nà gun ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Wọ́n fi ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ìlú wa ké pé òun ń kú lọ, kí ó gba òun, Abíọ́nà sọ pé, "Dárí jì mí," ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà. Orí òkè ti yọ. A rí ẹnu ilẹ̀kùn àpáta, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, a sì rí Àwẹ̀ró tí ó dúró láàárín rẹ̀ tí ó ń fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn. Oòrùn ti kan orí àpáta.

Ibẹ̀ ni a ti rí ọkùnrin kan tó dúró létí ọ̀nà. Ó wọ agbádá àlọ̀, fìlà rẹ̀ tẹ̀ sí apá òsì, ó fi ọ̀pá ti ara. Bàbá Abíọ́nà ni, tí a ti sin láti ọjọ́ pípẹ́.

Kí ni kí n sọ? Kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Ọmọ tí a kọ́ ni. Wúrà kò dá a dúró, erè kò dá a dúró, igbe ọ̀rẹ́ kò dá a dúró, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí yóò rí bàbá rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tí yóò fi ọkọ̀ da eruku bò ó kọjá? Abíọ́nà kò rò ó. Bí ó bá rò ó ni, kì bá tí dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ká. Mo pariwo, "Abíọ́nà!" ó ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ti bọ́ sílẹ̀, ó ti fi àyà lélẹ̀ gbalaja.

"Ẹ kúrọ̀lẹ́, bàbá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà?"

Lẹ́yìn wa, ìjì yí padà nínú ìgbín irin. Ó dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìgbín fọ́, epo ń ṣàn sórí àpáta.

Bàbá rẹ̀ ń wò ó nílẹ̀ níbẹ̀. Ojú òkú ọkùnrin náà kún fún omi. Ó ní, "Abíọ́nà, kí lo dúró ṣe? Mo tọrọ àyè lọ́run kí n lè jáde wá júwọ́ sí ọ pé kí o máa lọ. Pé má dúró. Ohun tí mo fẹ́ sọ náà nìyẹn."

Abíọ́nà dìde, ó ń sáré. Èmi náà ń sáré, ẹ̀yin tí ẹ bá ń sọ pé àgbà ọdẹ kì í sáré, ẹ bá mi dákẹ́. Àpáta ń yọ̀, òkè ń dà bí ògiri, gbogbo ìgbà tí ó bá gbé ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan á yọ̀ padà. Ilẹ̀kùn ti ń sún. Ó fi èékánná walẹ̀, ó rákò, ó tún sáré. Nígbà tí ó fi dé ibẹ̀, àyè tó kù kò ju ìbú ojú ènìyàn lọ, ojú Àwẹ̀ró ló sì wà níbẹ̀. Ó ki apá rẹ̀ bọ̀ ọ́, àpáta fún un pọ̀, ó ní láti fà á jáde.

"Ìyá mi," ni ó ń wí. "Ìyá mi, ẹ dárí jì mí. Mo dúró. N kò mọ̀ pé mo dúró."

"Mo rí ọ láti ibí," ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Ṣé bàbá rẹ nìyẹn?"

"Àwọn ni, mà."

"Ṣé o dọ̀bálẹ̀ kí wọn dáadáa?"

"Mo dọ̀bálẹ̀, mà. Mo fi àyà kan ilẹ̀."

"O ṣeun, ọmọ mi," ni ó wí, ilẹ̀kùn sì pa dé.

Mo ti sọ ọ́ tán. Kí ẹni tí ìyá rẹ̀ bá wà nílé dìde, kó lọ wò ó.